Omi Tí Kò Dé Ara Iyùn: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Táǹkì Omi Òkun ní Òṣogbo

Nínú owó tí mo kọ́kọ́ ná sórí táǹkì omi òkun tó wà ní pálọ̀ wa, iná ló gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló sọ pé iyùn ààyè, ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní coral, kò lè yè láìsí iná tó dáa, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ohun tí wọn ò tẹnu mọ́ ni pé iyùn lè wà lábẹ́ iná tó dára jù láyé kó sì kú síbẹ̀, bí omi tó yí i ká bá dúró sójú kan. Ẹni tó bá ń gbèrò irú táǹkì yìí ní Òṣogbo, ní Ìkìrun, ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí níbikíbi tó jìnnà sí òkun tí iná ìjọba sì ń lọ tó ń bọ̀, òun ni mo ń kọ èyí fún. Iyùn wọ́n. Etíkun tiwa kò ní àpáta iyùn, torí omi tútù tó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun àti ẹrẹ̀ tí àwọn odò ńláńlá ń gbé wọnú òkun kì í jẹ́ kó rọrùn fún un. Èyí tí à ń rà ti wọ ọkọ̀ òfurufú kó tó dé Èkó, á tún wọ mọ́tò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí nǹkan ẹlẹ́mìí rin irú ìrìn yẹn, kó wá kú lójú ẹni, ó dunni gan-an.

Táǹkì mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, ó sì ga ní 45. Bí ẹ bá yọ ti àpáta àti iyanrìn kúrò, omi inú rẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 200. Táǹkì kékeré kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ rẹ̀, omi ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, pọ́ǹpù kan sì ń dá a padà sókè. Mo to àpáta jọ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn títí dé nǹkan bí ìdajì táǹkì, ó sì dùn ún wò. Mo wá lẹ pọ́ǹpù ìṣàn kan mọ́ apá ọ̀tún. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni pé lítà 4,000 ló ń tì láàárín wákàtí kan. Ìṣirò tí àwọn tó ń sin iyùn sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kí agbára pọ́ǹpù tó ìlọ́po 20 sí 40 omi táǹkì láàárín wákàtí kan. Ẹ fi 200 pín 4,000, ìlọ́po 20 nìyẹn. Lórí ìwé, kò sí wàhálà.

Àwọn iyùn apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní hammer, ó ní àwọn ìka rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ nínú omi. Iwájú pọ́ǹpù gan-an ló wà. Omi ń gbá a láti ọ̀nà kan ṣoṣo tọ̀sán-tòru, kò sì pẹ́ tí kò fi ṣí mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ẹran ara rẹ̀ ti ya létí ibi tí omi ti ń kọlù ú, egungun funfun ti yọ síta, etí egungun náà sì mú ṣáṣá. Awọ tó kù lára rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bó díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi di egungun. Mi ò lè jókòó sí pálọ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Lápá òsì, lẹ́yìn àpáta, ohun mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀. Nǹkan pupa kan bo iyanrìn, ó ń gun ara àpáta, ó sì ń gun àwọn iyùn kéékèèké tó wà níbẹ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ mú un, á máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Cyanobacteria ni orúkọ rẹ̀, ibi tí ẹ̀gbin bá sì kó jọ sí tí omi kò rìn ló fẹ́ràn. Mo fà á kúrò, mo pààrọ̀ omi, mo dín oúnjẹ ẹja kù, mo dín wákàtí iná kù. Á lọ, á tún padà síbi kan náà gẹ́lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Èkó tó ti pẹ́ nídìí òwò ẹja omi òkun. Mo pè é, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

“Àbúrò, pa gbogbo ìyẹn tì ná. Da oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi, kí o jókòó, kí o máa wo ibi tó ń lọ.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, pọ́ǹpù mi lágbára o. Lítà 4,000 ni.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè agbára. Ibi tí omi dé ni mò ń bi ọ́.”

Mo lọ oúnjẹ gbígbẹ díẹ̀ kúnná, mo pa pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ kí oúnjẹ má bàa ṣàn lọ, mo sì dà á síwájú pọ́ǹpù ọ̀tún. Ó fò kọjá lára hammer tó kú yẹn, ó lọ gún gíláàsì òsì, ó gòkè, ó gba ojú omi padà wá sí ọ̀tún, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àyípo kan ṣoṣo ni, àárín àyípo yẹn kò sì mì rárá. Mo rọra gbọn díẹ̀ sẹ́yìn àpáta. Èérún kan ń bọ̀ nílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó balẹ̀ sórí nǹkan pupa yẹn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo jókòó tì í títí. Kò kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí bí ẹ bá mọ ohun tí iyùn ń fi omi ṣe, gbogbo ìyókù á yé yín. Iyùn kò lè dìde lọ wá oúnjẹ, kò lè kúrò nídìí ìgbẹ́ ara rẹ̀. Omi tó bá kan ara ohunkóhun máa ń lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, kì í bá ìyókù rìn. Bí omi bá ń rọra lọ, ìpele tó lẹ̀ mọ́ ara yìí á nípọn. Bí omi bá yára tó sì ń dàrú, á fẹ́lẹ́. Inú ìpele yìí ni gbogbo ohun tí iyùn nílò gbọ́dọ̀ gbà wọlé, òun náà ni ẹ̀gbin rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà jáde. Lọ́sàn-án, àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní tó ń gbé inú ẹran iyùn máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn jáde. Bí omi kò bá gbé àpọ̀jù ọ́síjìn yẹn lọ, ìnira ló ń dà fún iyùn. Tílẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ yẹn dúró, iyùn fúnra rẹ̀ á wá máa fa ọ́síjìn láti inú omi bíi ti ẹja. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fi kún iná táǹkì rẹ̀ láìfi kún ìṣàn omi fi lè pa iyùn rẹ̀ kíákíá ju ẹni tí iná rẹ̀ kò tó lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo mú àlejò wa kan lọ sí igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Nígbà tó ń ya fọ́tò, ojú mi wà lára odò. Ní gbogbo ibi tí òkúta tàbí gbòǹgbò igi bá ti dínà omi, ewé àti iyanrìn ti jókòó pẹ̀lẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Omi ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀yìn òkúta dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì mi ni mò ń wò yẹn. Àmọ́ ibi tí ẹ̀kọ́ odò mọ nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni odò ń gbà, kì í padà. Omi orí àpáta iyùn nínú òkun, ó ń lọ ó ń bọ̀, ìgbì á tì í síwájú, á fà á sẹ́yìn, ibi tó dákẹ́ nísinsìnyí, omi á gbá a láìpẹ́. Odò ni mo dá sínú táǹkì, ohun tó ń gbé inú òkun ni mo sì kó sínú rẹ̀.

Mo tú gbogbo àpáta. Iṣẹ́ tó ń tánni lókun ni, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo kó iyùn àti ẹja sínú ike ńlá tó ní omi táǹkì nínú, mo sì fi pọ́ǹpù kékeré sínú ike náà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àpáta yẹn ni mi ò dá padà mọ́. Mo fi ìyókù ṣe òkìtì méjì, àlàfo wà láàárín wọn, wọn ò sì kan gíláàsì ẹ̀yìn rárá. Apá mi gba ẹ̀yìn wọn kọjá láìfara kan nǹkan kan. Mo gbé ìsàlẹ̀ wọn lé orí òkúta kéékèèké kí omi lè gba abẹ́ wọn kọjá, mo sì fi àtè tí kì í ṣe omi ní nǹkan kan so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má wó. Kò kún ojú tó ti tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ jù. Àmọ́ láàárín oṣù kan sígbà yẹn, nǹkan pupa náà kò padà síbi tó ti ń hù mọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò fi oògùn kankan sómi.

Ti pọ́ǹpù ló kù. Dípò ọ̀kan tó lágbára, mo ra méjì tí abẹ́ tó ń yí nínú wọn gbòòrò, tó ń ti omi púpọ̀ láìfi tipátipá tì í. Mo fi ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, wọ́n kọjú síra, mo sì gbé ojú wọn sókè díẹ̀ kí ojú omi máa rú. Ojú omi tó ń rú yẹn ṣe pàtàkì gan-an, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọnú omi, bí ọ̀rá bá sì bò ó pẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé. Omi méjèèjì ń pàdé láàárín, wọ́n ń da ara wọn rú, kò sí ibi tó ń jẹ ìyà ojú kan. Àwọn pọ́ǹpù yìí ní ohun tí a fi ń darí wọn, torí náà ọ̀tún máa ń lágbára jù láàárọ̀, òsì á gbà á lọ́sàn-án, láàárín wákàtí díẹ̀ tó kù àwọn méjèèjì á máa tì, wọ́n á máa sinmi, kí omi lè máa lọ kó máa bọ̀. Lóru mo dín wọn kù. Mi ò jẹ́ pa wọ́n.

Iyùn fúnra rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe rí. Ẹ wo àwọn ìka rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá tẹ̀ sápá kan tí wọn ò padà, omi ọ̀nà kan ń jẹ ẹ́ níyà. Bí wọn ò bá mì rárá tí ẹ̀gbin sì ń bà lé e, omi kò dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òkè pátápátá, níbi tí omi ti ń dàrú jù, ni mo gbé irú iyùn tí wọ́n ń pè ní Acropora sí. Hammer tuntun wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo. Àwọn tí wọ́n ń pè ní mushroom kò fẹ́ ariwo, ẹsẹ̀ òkìtì ni wọ́n wà.

Kí n tó kúrò nídìí pọ́ǹpù: ẹ má ka pọ́ǹpù tó ń dá omi padà láti ìsàlẹ̀ mọ́ ìṣàn tó ń dé ara iyùn. Iye lítà tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ìgbà tí kò gbé omi ga rárá ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Gbogbo bó bá ṣe ń gbé e gòkè ni iye yẹn ń dín kù, tí páìpù bá sì ṣẹ́ kọ́ná púpọ̀, á tún dín kù sí i.

Òru kan nínú oṣù Kẹta ni mo rí èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù. Ẹ mọ ooru Òṣogbo lásìkò yẹn. Iná lọ láàárín òru, a ti sùn. Ìró omi ló jí ìyàwó mi. Nígbà tí mo tẹ ilẹ̀ pálọ̀, omi ni, tó rin kápẹ́ẹ̀tì títí dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé páìpù tó ń dá omi padà sókè, ẹnu rẹ̀ jìn sínú omi táǹkì òkè. Nígbà tí pọ́ǹpù kú, páìpù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi padà sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, táǹkì ìsàlẹ̀ kún, ó sì ń dà sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń wá tówẹ́ẹ̀lì ni mo ti gbọ́ ohùn ìyàwó mi:

“Bàbá Àyọ̀, ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀! Ẹ wá wo àwọn ẹja yìí.”

Gbogbo wọn ti wá sójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀. Omi òkun tó wà ní 25°C kò lè gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 6.8 nínú lítà kan lọ; tó bá di 30°C, nǹkan bíi 6.2 ni. Ooru yẹn kan náà ló sì ń mú kí ẹja àti iyùn máa lò ó kíákíá. Epo kò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Ìyàwó mi mú kọ́ọ̀pù, ó ń bu omi, ó ń gbé e sókè, ó ń dà á padà kó lè gbé afẹ́fẹ́ wọlé, bí ọwọ́ bá ń ro ó, èmi náà á gbà á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́. A pàdánù ẹja kan, Acropora tó kéré jù sì funfun láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, àmọ́ kọ́ọ̀pù yẹn ló gba ìyókù là. Bí ẹ bá bá ara yín nínú irú rẹ̀, ẹ má dúró de iná. Ẹ máa bu, ẹ máa dà.

Ti ilẹ̀ tó rin, àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Mo gbé ẹnu páìpù sókè kó kù díẹ̀ kó tó ojú omi, mo sì lu ihò kékeré kan sí i nísàlẹ̀ ojú omi gẹ́lẹ́. Tí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba ihò yẹn wọlé, fífà náà á já. Ẹ máa nu ihò yẹn, torí ìdọ̀tí máa ń dí i. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú táǹkì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín pa súwíìṣì lọ́sàn-án gangan, kí ẹ wo ibi tí omi máa kún dé, kó má jẹ́ pé òru ló máa fi hàn yín.

Ti ọ́síjìn gba ìṣirò díẹ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo táǹkì ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Iyùn lè fara da ọjọ́ kan tàbí méjì láìsí iná lórí rẹ̀, kò lè fara da òru kan tí omi dúró. Torí náà pọ́ǹpù ìṣàn kan ṣoṣo, èyí tó ń rú ojú omi, ni mo so mọ́ bátìrì. Wáàtì 15 ló ń lò. Bátìrì fólítì 12 tó jẹ́ 100Ah ní nǹkan bíi 1,200 wáàtì-wákàtí nínú; bátìrì olómi kì í fẹ́ kí á lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, 600 nìyẹn. Ẹ fi 15 pín in, wákàtí 40. Inverter náà ń jẹ tirẹ̀, ẹ kúkú kà á sí wákàtí 30. Òru méjì ni bátìrì kan ṣoṣo yìí lè gbé. Mo ti náwó tó ju owó rẹ̀ lọ sórí iyùn tó kú.

Fún ooru, fáànù kékeré kan ń fẹ́ sójú omi ní tèmi, ó sì ń mú un tutù dáadáa. Omi tó ń gbẹ kì í gbé iyọ̀ lọ, nítorí náà omi tí kò níyọ̀ ni ẹ ó máa fi dí i.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, nǹkan ń lọ dáadáa fún ìgbà pípẹ́, àfìgbà tí àwọn iyùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í káwọ́. Mo wọn iyọ̀, mo wọn ooru, kò sí ohun tó yí padà. Mo yọ pọ́ǹpù òsì láti wò ó: nǹkan funfun líle àti èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ti bo inú rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yí. Díẹ̀díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń lọ, ojú sì ti mọ́ ọn. Mo rẹ ẹ́ sínú fínígà funfun tí mo fi omi là, kò pẹ́ tó fi ń hó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́, mo ṣan án nù. Nígbà tí mo dá a padà, iyanrìn fò sókè nítorí agbára tó ti padà sí i, mo ní láti dín in kù. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni mo máa ń yọ báyìí, kí omi má bàa dúró nígbà tí mo bá ń fọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi anemone, ẹranko òkun rírọ̀ kan tó jọ òdòdó, sí táǹkì rẹ̀, kó fi fóòmù tàbí àwọ̀n bo ẹnu pọ́ǹpù kó tó rà á. Bí ìṣàn ibi tí ẹ gbé e sí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á rìn kúrò níbẹ̀, bí abẹ́ pọ́ǹpù bá sì fà á wọlé, ohun tó máa tú sínú omi lè pa àwọn yòókù.

Ní báyìí, iyùn kan tí wọ́n ń pè ní Montipora, tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí òkìtì òsì ti dàgbà débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń dínà omi. Oúnjẹ tí mo dà lọ́sẹ̀ tó kọjá tún balẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kò kúrò. Mo ti gé etí rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ẹdẹ tó ń múra táǹkì tirẹ̀ sílẹ̀ ló máa gbé e lọ. Mo ti sọ fún un pé kó ra bátìrì kó tó wá gbé e.